Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kékeré ní orúnkún: èwo ni kí ẹ yàn nílé, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀?

Ẹni tí wọ́n fi kámẹ́rà tín-ín-rín wo inú orúnkún rẹ̀, tí wọ́n sì tún un ṣe, sábà máa ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kì í ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì fẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n á wo ojú ọgbẹ́ tó kéré, wọ́n á rò pé ohun tí wọ́n ṣe nínú náà kéré. Bẹ́ẹ̀ omi iyọ̀ ni wọ́n fi fẹ inú orúnkún náà kí ọwọ́ wọn lè ráyè, irin ti wọ ibẹ̀, wọ́n sì ti gé nǹkan tàbí kí wọ́n rán nǹkan. Ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ nílé ló ń pinnu bóyá ẹsẹ̀ yóò tún nà gbọọrọ, tàbí yóò máa ká díẹ̀ bí ti ẹni tó fẹ́ jókòó.

Nítorí náà, ìbéèrè kan la fi ń wọn gbogbo ohun tí a ó fi wéra níbí: èwo ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ nà tán, tí kì í jẹ́ kó wú, tó sì ń jẹ́ kéèyàn tètè rìn? Ẹ̀yìn ìyẹn la ń wo owó.

Ṣé wọ́n gé e ni, àbí wọ́n rán an?

Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó ra ohunkóhun. Láàárín eegun itan àti eegun ojúgun, ohun rírọ̀ méjì wà níbẹ̀ tó rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, meniscus ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gba ìwúwo ara kí eegun má baà máa ha eegun. Bí ó bá ya, dókítà lè gé etí tó ya kúrò, ó sì lè fi okùn rán an pọ̀. Èèyàn méjì lè ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kan náà, kí àpá wọn rí bákan náà, kí òfin ilé wọn sì jìn síra bí ọ̀run àti ayé. Ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀ kò ní ohun tó gbọ́dọ̀ jinná pọ̀ nínú. Ẹni tí wọ́n rán tirẹ̀ ń retí kí ojú ìrán náà mú, ibẹ̀ kì í sì í tètè mú, torí pé etí ìta meniscus nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ń dé dáadáa.

| | Wọ́n gé etí rẹ̀ | Wọ́n rán an |
|---|---|---|
| Títẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ | Láti ọjọ́ kìíní, bí ìrora bá ṣe gbà | Bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀ nìkan |
| Ọ̀pá | Ọjọ́ 2 sí 7 | Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lọ́pọ̀ ìgbà |
| Kíká orúnkún | Títí dé ibi tí kò ti dunni jù | Kó má kọjá igun 90, bí ìgbà téèyàn jókòó sórí àga, fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 |
| Bíréèsì onírin | Kì í sábà nílò | Ó sábà nílò |
| Ìlóṣòó | Bíi ọ̀sẹ̀ 6 | Ó kéré tán, oṣù 4 |

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fọ inú rẹ̀ ni, tàbí wọ́n yọ eérún eegun tó ń rìn kiri níbẹ̀, abẹ́ "Wọ́n gé etí rẹ̀" ni kí ẹ máa kà. Bí ìwé tí wọ́n fún yín ní ọsibítù bá sọ ohun mìíràn, ìwé yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí ẹ̀gbọ́n kan bá ń sọ pé nígbà tòun, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lòun fi dùbúlẹ̀ láìtẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, irọ́ kọ́ ló ń pa. Nígbà náà, ńṣe ni wọ́n ń la orúnkún gbọọrọ. Masaki Watanabe ló kọ́kọ́ gba ojú kámẹ́rà gé meniscus ní Tokyo lọ́dún 1962, ó sì pẹ́ kí ọ̀nà náà tó tàn kárí ayé. Ìmọ̀ràn ìgbà yẹn, pé kéèyàn má mira rárá, ń pa ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀ lára lónìí.

Yìnyín àbí omi gbígbóná?

Nínú ilé wa, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé wá ni omi gbígbóná àti tówẹ̀lì láti fi jó o. Ìfẹ́ ló fà á, ṣùgbọ́n orúnkún tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn kò fẹ́ ooru. Ooru ń ṣí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀, omi á sì túbọ̀ rọ́ wọ ibi tó ti kún tẹ́lẹ̀. Wíwú yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrora nìkan. Bí orúnkún bá kún fún omi, iṣan iwájú itan máa ń kọṣẹ́, àfi bí iná tí wọ́n pa. Ẹ ó ní kí ẹ gbé ẹsẹ̀, kò ní gbé. Bí iṣan yẹn bá kọṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè gbà yín ní oṣù kí ó tó padà bọ̀ sípò.

Yìnyín ni ti ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: ìṣẹ́jú 15 sí 20, ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, nígbà tí ẹ bá wà lójúfò. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, pàápàá lẹ́yìn eré ìdárayá. Aṣọ gbọ́dọ̀ wà láàárín yìnyín àti awọ ara. Bí ó bá pẹ́ jù, ó ń jó awọ. Lára aláwọ̀ dúdú, ẹ má retí kó pọ́n, ẹ wò ó bóyá ó ń funfun bí eérú tàbí ó kú, tí ẹ kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́.

Ẹnì kan wà tí a kò ní sọ fún pé kó lo yìnyín: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Òtútù lè gbé ìrora eegun rẹ̀ dìde. Kí onítọ̀hún bi dókítà rẹ̀ kọ́kọ́, kó sì gbára lé gbígbé ẹsẹ̀ sókè àti báńdéèjì. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀ kú náà gbọ́dọ̀ béèrè, torí kò ní mọ ìgbà tí yìnyín ti ń jó o.

Yìnyín wo wá ni? Píọ̀ wọ́tà tó dì ló sún mọ́ wa jù, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó le bí òkúta, orúnkún sì rí róbótó, ibì kan ṣoṣo ló máa ń kàn. Ẹ yọ ọ́ kó tó dì tán, tàbí kí ẹ fi aṣọ wé e kí ẹ fi ọmọ odó rún un. Méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún orúnkún. Ẹ ki ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá kejì, torí pé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà máa ń jò, báńdéèjì tó tutù sì ni ilé kòkòrò. Èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, tí omi inú rẹ̀ ki bí ògì, ń rọ̀ mọ́ orúnkún dáadáa, ṣùgbọ́n ó gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tún tutù. Ẹyọ kan kò tó, ní ilé tí iná ọba kì í dúró.

Èyí tí a fẹ́ràn jù ni èyí tí ẹ lè ṣe fúnra yín: ife sípírítì ìfọgbẹ́ kan, ife omi mẹ́ta, nínú ọ̀rá tó nípọn, kí ẹ tún ki ọ̀rá náà sínú òmíràn. Bí ó bá wà nínú fìrísà mọ́jú, kì í dì gbagidi, á máa rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ó tutù ju yìnyín lásán lọ, nítorí náà kí aṣọ àárín nípọn ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ "Májèlé" sí i lára, kí ọmọdé má baà mu ún, ẹ má sì gbé e sún mọ́ iná. Níbi tí iná kò bá sí rárá, ẹ ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja tútù tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ kó o sínú kúlà.

Òróró amúnigbóná bíi Robb àti Aboniki kò ní iṣẹ́ kankan lórí orúnkún yìí títí ojú ọgbẹ́ yóò fi pa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ tàbí fà á. Fífa ẹran ẹ̀yìn ojúgun lè ṣí ẹ̀jẹ̀ dídì nípò, kó sì gba inú iṣan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ìrọ̀rí: lábẹ́ orúnkún àbí lábẹ́ gìgísẹ̀?

Gbogbo ẹni tó bá ń ṣàánú yín ló máa ti ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún. Ó dùn mọ́ni, torí orúnkún tó wú máa ń fẹ́ ká díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà: bí ó bá ká bẹ́ẹ̀ lóru, tó ká bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ̀yìn rẹ̀ á le síbẹ̀, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tiro.

Ẹ gbé ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta sí abẹ́ ojúgun àti gìgísẹ̀, kí ẹ̀yìn orúnkún wà láìkan nǹkan. Kí gìgísẹ̀ ga ju àyà lọ. Èyí já sí pé ẹ gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀. Ẹni tó jókòó sórí àga tìmùtìmù, tó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, kò tíì gbé ẹsẹ̀ sókè, ó kàn nà án ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń nà tán, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀ tó le, kí ẹ ti àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ orúnkún kọ̀ọ̀kan. Bí àyè abẹ́ orúnkún tí wọ́n ṣe bá fẹ̀ ju ti èkejì lọ, iṣẹ́ ṣì kù.

Ọ̀pá abíyá, ọ̀pá ìgbọ̀nwọ́, àbí ọ̀pá ìtilẹ̀ kan ṣoṣo?

Ọ̀pá abíyá ló wọ́pọ̀ ní ọjà wa, ó sì rọrùn láti kọ́. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni wọ́n sábà máa ń ṣì. Kì í ṣe abíyá ló ń gbé ara, ọwọ́ ni. Nígbà tí ẹ bá dúró ṣánṣán, ìka méjì tàbí mẹ́ta gbọ́dọ̀ lè wọ àárín orí ọ̀pá àti abíyá. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú gbọ́dọ̀ bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba nígbà tí apá bá rọ̀ sílẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ lè ká díẹ̀ nígbà tí ẹ bá dì í. Ẹni tó bá fi abíyá rọ̀ sórí rẹ̀ ń tẹ iṣan tó ń darí ọwọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí kú, ọrùn ọwọ́ á sì kọ̀ láti gbé sókè. Ọ̀pá tí wọ́n yá yín láti ọ̀dọ̀ ará ilé mìíràn ló sábà máa ń fa èyí, torí pé gíga ẹlòmíràn ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí.

Ọ̀pá ìgbọ̀nwọ́ fúyẹ́, kò ní wàhálà abíyá, ó sì dára fún àtẹ̀gùn tóóró. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè agbára ọwọ́. Ẹni tí wọ́n rán tirẹ̀, tí yóò lo ọ̀pá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, yóò dúpẹ́ pé ó yan èyí. Àgbàlagbà tí ìdúró rẹ̀ kò fìdí múlẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lo èyíkéyìí nínú wọn: férémù onígun mẹ́rin tó ń gbé síwájú ni tirẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀kan sílẹ̀, ọ̀pá tó kù ń lọ sí ọwọ́ tó wà níhà ẹsẹ̀ tó dá. Bí ó bá jẹ́ orúnkún ọ̀tún ni wọ́n ṣe, ọwọ́ òsì ló mú ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dì í mú níhà tó ń dùn wọ́n, wọ́n á sì máa rìn bí ẹni tó fẹ́ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má sì jáwọ́ lára ọ̀pá nítorí ìtìjú. Ìgbà tí ẹ bá lè rìn láìtiro ni ọ̀pá tán. Kí ẹ tó gbé e wálé, ẹ yí ìdí rẹ̀ wò: rọ́bà tó ti jẹ pẹlẹbẹ máa ń yọ̀ lórí táìlì bí ìgbà tí wọ́n da ọṣẹ sílẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dá ló ń ṣáájú nígbà tí ẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ló ń ṣáájú nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá sì ń bá ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ nígbà gbogbo. Bí yàrá yín bá wà lókè, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ sùn sísàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Paracetamol, ibuprofen, àbí àpòpọ̀ inú ọ̀rá?

Oògùn tí wọ́n fún sínú orúnkún kí ó lè kú máa ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tó bá délé tí kò mọ ìrora, tó wá sùn láìlo nǹkan, òru ni yóò jí i. Ẹ lo oògùn àkọ́kọ́ kí ti inú orúnkún tó pa rẹ́.

Paracetamol ni ìpìlẹ̀. Fún àgbàlagbà tó tóbi tó, hóró 500 mg méjì, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kó má ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa wo aago lò ó, ẹ má dúró kí ìrora pè yín. Kì í pa inú lára, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Oògùn òtútù àti ibà pọ̀ tí paracetamol wà nínú wọn láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú páálí.

Ibuprofen ń pa ìrora, ó sì ń fa wíwú sẹ́yìn: 400 mg, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ lè lo òun àti paracetamol pọ̀. Kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, ṣá o. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣe ségesège, aboyún, ẹni tí oògùn yìí máa ń ru ikọ́ fée rẹ̀ sókè, kí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó ń lo lisinopril pẹ̀lú oògùn tí ń mú kéèyàn tọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ fi ibuprofen kún un láìbi dókítà: mẹ́ta yẹn pọ̀ lè dá kíndìnrín dúró. Diclofenac àti ibuprofen jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Lílo méjèèjì pọ̀ kò fi ìtura kún un, ó kàn ń gún inú ní ìlọ́po méjì ni.

Tramadol wà fún ìrora tó bá borí paracetamol àti ibuprofen, láti ọwọ́ dókítà, fún ọjọ́ díẹ̀. Ó ń mú òòyì wá. Òòyì àti ọ̀pá méjì lórí táìlì kò bára mu. Ó sì ń mú kí ìgbẹ́ le, nítorí náà ẹ mu omi dáadáa, kí ẹ jẹ ìbẹ́pẹ àti ẹ̀wà. Àpòpọ̀ hóró tí wọ́n dì sínú ọ̀rá láìní orúkọ, ẹ má gbà á, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ ohun tí ẹ gbé mì. Ẹ fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti àgbo ara ríro tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ẹ bá ṣì wà lórí ibuprofen, pàápàá àwọn tí wọ́n fi ọtí rẹ.

Ojú ọgbẹ́: ẹ bò ó, àbí ẹ ṣí i sílẹ̀?

Ẹ bò ó títí di ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín. Báńdéèjì ńlá òkè sábà máa ń kúrò láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, okùn ìrán sì máa ń kúrò láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Bí omi tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bá rin báńdéèjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi iyọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ló ń jáde. Bí orúnkún bá ń dún gbùdù-gbùdù nígbà tí ẹ bá ń rìn, omi yẹn náà ni.

Ẹ má tú kápúsù sórí ọgbẹ́ náà. Oògùn tí wọ́n ṣe fún ìgbémì kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀ á dì mọ́ ojú ọgbẹ́, á sì bo ọyún mọ́lẹ̀. Ẹ má ra ampicillin fúnra yín "nítorí ká má baà rí nǹkan". Bí dókítà kò bá kọ ọ́, ẹ kò nílò rẹ̀.

Láàárín báńdéèjì tó ń nà àti ìbọ̀ orúnkún tí wọ́n ń tà lọ́jà, báńdéèjì ni kí ẹ yàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ lè dẹ̀ ẹ́ tàbí fún un bí wíwú bá ṣe ń yí padà, ìbọ̀ kì í dẹ̀. Èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 ló dára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín ojúgun, kí ẹ máa wé e lọ sókè dé àárín itan, kí ìpele kọ̀ọ̀kan bo ìdajì èyí tó ṣáájú. Ẹ tẹ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kí ẹ sì fi sílẹ̀: bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, tàbí ọmọ ìka ń kú, ẹ tú báńdéèjì náà, ó fún jù. Ìbọ̀ tó ní ihò níwájú kì í yẹ orúnkún tó ṣì wú, torí ibi ihò yẹn ni wíwú máa ń yọ sí.

Ìwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibùsùn

Omi korobá sàn ju ṣáwà lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ẹ̀yin lẹ ń darí ibi tí omi ń lọ. Ẹ jókòó sórí àga ike tó ní apá, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ògiri, kí ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe wà nínà lórí àga kejì lókèèrè omi. Ẹsẹ̀ àga ike máa ń yọ̀ lórí táìlì tó ní ọṣẹ, ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ rẹ̀. Wíwé ọ̀rá mọ́ orúnkún dára, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, òkè rẹ̀ lomi ń gbà wọlé. Odò, ìwẹ̀ inú agbada àti ibi ìlúwẹ̀ẹ́ di ẹ̀yìn ìgbà tí okùn bá kúrò tí ojú ọgbẹ́ sì pa.

Ṣáláńgá kò ṣeé lò, torí ìlóṣòó ń ti orúnkún dé òpin rẹ̀. Bí kò bá sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń jókòó lé, ẹ lè gé ihò sí ìdí àga ike kí ẹ gbé póò sábẹ́ rẹ̀. Àga tí wọ́n gé ihò sí ti di aláìlágbára: ẹ tì í bọ inú òmíràn, kí ẹ gé ihò sí méjèèjì, ìgbà náà ni yóò gba àgbàlagbà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe síwájú.

Fóòmù orí ilẹ̀ ló burú jù láti sùn lé, kì í ṣe nítorí oorun, nítorí àtidìde ni. Fóòmù méjì lórí ara wọn, tàbí bẹ́ẹ̀dì tó ga tó orúnkún yín, ló yẹ.

Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀

Ìwé tí wọ́n kọ fún ẹlòmíràn kì í dé ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe ara wa léṣe. Àlejò á wá kí yín, ẹ̀gbọ́n bàbá yín á wọlé, eékún á sì fẹ́ kàn ilẹ̀ kí ẹ tó rántí. Ẹ jókòó kí wọn, kí ẹ tẹrí ba. Ìdọ̀bálẹ̀ náà kò sàn jù, torí orúnkún ló ń kọ́kọ́ kàn ilẹ̀, òun náà ló sì ń gbé ara dìde. Ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀ lè dán ìkúnlẹ̀ wò lórí ìrọ̀rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àpá lè máa ta díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kì í ṣe àmì pé nǹkan bàjẹ́. Ẹni tí wọ́n rán tirẹ̀, kó gba àṣẹ lẹ́nu dókítà.

Mùsùlùmí lè jókòó sórí àga kírun, kó tẹ̀ síwájú fún rúkúù, kó tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìforíkanlẹ̀. Àlùwàlá pẹ̀lú: ẹ fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì, ẹ má tú u. Ẹ̀sìn fàyè gba méjèèjì fún aláìsàn.

Eré ìdárayá: nílé nìkan, àbí lọ́dọ̀ oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì?

Fún ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀, èyí tí ẹ ń ṣe nílé lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ló ń gbé iṣẹ́ náà dúró, ìbẹ̀wò díẹ̀ sì lè tó láti rí i pé ẹ ń ṣe é dáadáa. Fún ẹni tí wọ́n rán tirẹ̀, ẹ má dá a ṣe. Àwọn ọsibítù ńlá bíi Igbobi ní Èkó àti UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka fisiotẹ́rápì. Ẹni tó bá ń wá sílé, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board. Ẹni tó kàn ń wọ́ra fúnni, tó ń pe ara rẹ̀ ní "físíò" kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ máa gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè sódò ní 20 ìgbà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wà lójúfò, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Ẹ na ẹsẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fún iṣan itan pọ̀, kí ẹ ka 1 dé 5, kí ẹ sì tú u, ní ìgbà 10. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un bẹ́ẹ̀ kí ẹ gbé ẹsẹ̀ nínà sókè tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Bí orúnkún bá ń rọ̀ nígbà tí ẹ bá gbé e, ẹ má gbé e mọ́, ẹ padà sí fífún títí yóò fi gbà. Fún kíká, ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fi ọ̀rá sábẹ́ gìgísẹ̀ kó lè máa yọ̀, kí ẹ fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Paríparí rẹ̀, ẹ gbé gìgísẹ̀ lé tówẹ̀lì tí ẹ ká, kí orúnkún wà lófo, fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Èyí ló máa ń dunni jù, òun náà ni a kò ní gbà kí ẹ fò. Bí orúnkún bá wú ju ti àárọ̀ lọ ní alẹ́, ẹ dín iye rẹ̀ kù lọ́jọ́ kejì, ẹ má dá a dúró.

Ọkọ̀ àti iṣẹ́

Ọ̀kadà kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń ká orúnkún mọ́ ara, dáńfó kò ní àyè. Ẹ̀yìn mọ́tò, kí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ nà gba orí àga kọjá, ló dára jù láti ọsibítù wálé. Ẹ má wa ọkọ̀ títí ẹ ó fi fi ọ̀pá sílẹ̀, tí ẹ ó sì lè tẹ bíréèkì lójijì láìjáyà, kì í sì í ṣe nígbà tí tramadol wà lára. Oníṣẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n gé tirẹ̀ lè padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ń dúró tajà tàbí tó ń kọ́ni, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ẹni tó ń gbé ẹrù tàbí tó ń gun àkàbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Èyí tó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, àti èyí tó ní kí ẹ lọ

Bí ojúgun bá dúdú bí ibi tí wọ́n lù, tí dúdú náà ń sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, yóò lọ fúnra rẹ̀. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá le, tó wú ju ti ẹsẹ̀ kejì, tó ń gbóná, tó ń dunni bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì: ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Bí ara bá gbóná díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ó wọ́pọ̀. Bí ó bá kọjá 38°C tàbí ó tún padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí orúnkún ń dán, tó ń gbóná, tí ìrora sì ń pọ̀ sí i dípò kó máa dínkù, tàbí tí ọyún bá yọ, ẹ má pè é ní ibà, ẹ má lo oògùn ibà, ọsibítù ni kí ẹ lọ. Ọyún inú oríkèé lè ba oríkèé náà jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bí èémí bá kúrú lójijì, tí àyà ń dunni, tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ikọ́ jáde, ẹ má dúró de àárọ̀, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìdíkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi ọkọ̀ gbé yín lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ náà dání, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún wọn sì jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe orúnkún yín.